Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo tí Ojúlarí Ń Gbọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó dá Fàlílù lẹ́bi, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ irú ajá tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Kì í ṣe ajá ọdẹ tiwa, tó máa ń fò mọ́ ẹran, tó máa fi eyín dè é mọ́lẹ̀ kí ọdẹ tó dé. Póńtà ni wọ́n ń pè é, ajá òyìnbó, ara funfun tó ní àmì pupa, etí wíwọ̀, ẹsẹ̀ gígùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sáré kiri inú koríko, kó máa fi imú gba afẹ́fẹ́. Bó bá ti gbóòórùn àparò báyìí, á dúró gbọn-in. Á gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, á na imú àti ìrù gbọọrọ, kò ní mira mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí ẹni tó ń darí rẹ̀ á fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí yóò sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń rán an síwájú. Ìgbà náà ló máa tó rìn. Àparò á fò, ìbọn á dún, ajá á jókòó. Èyí tó bá rìn láìjẹ́ pé wọ́n rán an ti kùnà. Èyí tí wọ́n rán tí kò rìn náà ti kùnà. Òfin ìdíje wọn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnjiníà Gbọ́ládé ló ni ajá. Ilé-iṣẹ́ àpò bébà rẹ̀ wà ní Sango, ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀ gbalasa kan lọ́nà Ìgbẹsà, tó rà láti kọ́ ilé-iṣẹ́ kejì sí. Ọdún kẹfà rèé tí iná kò tíì dé ibẹ̀, koríko sì ti hù bo ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́. Àparò kúkú fẹ́ràn irú ibẹ̀. Ẹnjiníà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bíi mẹ́jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ra ajá láti òkè òkun, wọ́n sì ń pàdé lórí ilẹ̀ náà nígbà ọyẹ́ lọ́dọọdún láti wo ajá tó mọ iṣẹ́ jù. Àwọn olówó mìíràn ń gbá gọ́ọ̀fù. Ajá ni tiwọn, kò sẹ́ni tí wọ́n ṣẹ̀.

Ìwó ni Fàlílù ti wá ṣiṣẹ́ ní Sango, ìdí ẹ̀rọ tí ń lẹ àpò ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi í sí. Lọ́jọ́ tí Ẹnjiníà gbọ́ pé ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ó ní kó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kó máa bọ̀ nílé ajá. Fàlílù kò jiyàn. Ẹni kejì rẹ̀ níbẹ̀ ni Ephraim, ọmọ pásítọ̀ kan ní Ìyànà Ìyẹsí, tó ń tọ́jú ajá kejì, sẹ́tà onírun gígùn kan tó ń jẹ́ Kápténì. Ephraim kéré sí Fàlílù lọ́jọ́ orí, ó sì níwà.

Nínú ìwé, orúkọ òyìnbó ni póńtà náà ń jẹ́. Ọmọ ọdẹ kì í pe ajá nírú orúkọ bẹ́ẹ̀. Láyé bàbá Fàlílù, orúkọ ajá ni ènìyàn fi ń sọ ohun tí kò ṣeé sọ lójúkojú fún àdúgbò. Àwọn alájọgbé Fàlílù ní Ọ̀tà sì rèé, tẹ̀rín tẹ̀rín ni wọ́n fi ń kí i. Bó bá ti kọjá tán, wọn á ní irú mùsùlùmí wo ló ń rùn bí ajá. Ló bá sọ ajá ní Ojúlarí: ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ó máa ń mú un gba iwájú ilé kọjá ní ìrọ̀lẹ́, á sì pè é sókè dáadáa.

Àdìzát ìyàwó rẹ̀ kò kórìíra ajá. Òfin ló ń tẹ̀ lé. Bí itọ́ ajá bá kan ènìyàn, ẹ̀ẹ̀meje ni kó fọ ibẹ̀, iyanrìn á sì wà nínú ọ̀kan. Nítorí náà ó gbé ike iyanrìn kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà, Fàlílù kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ tàbí ìkòkò kó tó dé ìdí ike náà. Ojúlarí a sì máa lá ènìyàn. Iyanrìn inú ike kì í lò tó ọ̀sẹ̀ méjì, Fàlílù á tún lọ bu òmíràn níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. Ẹnjiníà ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa àparò orí ilẹ̀ òun, torí bí àparò bá tán, ìdíje tán nìyẹn; ìbọn ìdíje pàápàá, ariwo lásán ni, kò ní ọta. Fàlílù gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ ni, ìbọn bàbá rẹ̀ sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àárọ̀ Sátidé wà tí òun àti Ojúlarí nìkan máa ń wà lórí ilẹ̀ náà. Ajá wá tọ́ka sí àparò fún ọ, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń dúró dè ọ́, kí o wá ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ sílé? Fàlílù pa ọ̀kan. Ó gbé e délé, Àdìzát wò ó.

"Ṣé ẹ dárúkọ Ọlọ́run kí ẹ tó rán ajá sí i?"

Fàlílù ní òun ò rántí.

"Kò lè wọ ìkòkò mi nìyẹn, Bàbá Toyibat."

Ọ̀dọ̀ àwọn alájọgbé ni àparò náà lọ. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Fàlílù lọ bi àlùfáà, àlùfáà sì ní òótọ́ ni Àdìzát sọ: ajá tí a ti kọ́ níṣẹ́, tí a dárúkọ Ọlọ́run kí a tó rán an, ẹran rẹ̀ tọ́ sí jíjẹ. Láti ọjọ́ náà, bí Ojúlarí bá ti dúró, Fàlílù á dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á ní "Bísímílàhì," ajá á rìn, àparò á fò, ìbọn á dún. Ọ̀pọ̀ Sátidé ló kọjá bẹ́ẹ̀. Àdìzát ń fi ata rodo sè é, Toyibat ọmọ wọn ń họ eegun, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ajá mọ̀ ṣá. Kò mọ òfin Ẹnjiníà, kò mọ ẹ̀sìn kankan, ohun tó mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n bá ti sọ ọ́, òun á rìn.

Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, Ẹnjiníà ní òun fúnra òun ni yóò darí rẹ̀. Ojúlarí rí àparò kí ajá mìíràn tó gbóòórùn nǹkan kan. Ó dúró, ìdúró náà sì lẹ́wà. Ẹnjiníà dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ wọn ń lò. "Gó." Ojúlarí kò rìn. Ẹnjiníà tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló sọ "Gó," Fàlílù kà á, títí ọkùnrin kan tó wá láti Abẹ́òkúta fi béèrè bóyá bátìrì ajá ló tán. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bákan náà ló rí.

Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Fàlílù wà láàárín èrò, ó mọ ohun tó ń ṣe ajá, kò sì lanu. Ká má parọ́, ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ náà, Ẹnjiníà á béèrè ibi tí ajá ti kọ́ ọ, ọ̀nà náà á sì já tààrà sínú ìkòkò Àdìzát. Ó gbìyànjú láti kọ́ ọ ní "Gó." Ó fi ẹran tàn án, ó fọn fèrè sí i, ó bẹ̀ ẹ́. Ojúlarí á yíjú wò ó bí ọmọ tó ń dúró kí àgbàlagbà sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí.

Lọ́jọ́rú tó ṣáájú ìdíje ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Ẹnjiníà pè é.

"Ìwọ ni wàá darí ẹ̀ ní Sátidé. Bó bá tún kùnà, Àtàn ló ń lọ."

"Àtàn, sà?"

"Ibi iyanrìn. Ajá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti kú. Èyí tó fẹ́ràn àtidúró yìí, kó lọ dúró síbẹ̀."

Fàlílù mọ ibẹ̀. Ní Àtàn-Ọ̀tà ni Ẹnjiníà ti ń ta iyanrìn fún àwọn kọ́lékọ́lé, ilẹ̀ kan tí wọ́n fi páànù yí ká, òkìtì iyanrìn níbí, òkìtì lọ́hùn-ún. Wọ́n ri irin kan mọ́lẹ̀ létí gééètì, wọ́n so ṣéènì mọ́ ọn. Ajá tó kú ti rìn yí irin náà ká títí ilẹ̀ fi jin roboto. Fàlílù ro Ojúlarí, tó lè sáré láti àárọ̀ dọ́sàn-án láìsinmi, sínú roboto yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ròyìn rẹ̀ fún Àdìzát.

"Ẹ lọ sọ òtítọ́ fún un," ni Àdìzát wí.

"Iṣẹ́ mi wá ńkọ́?"

"Ajá ò jẹ nínú àparò yẹn. Àwa la jẹ ẹ́."

Fàlílù kò lọ sọ nǹkan kan. Ọgbọ́n mìíràn ló gbọ́n. Fọ́ọ̀mù kan wà tí olùdarí kọ̀ọ̀kan máa ń kọ ọ̀rọ̀ tó fi ń rán ajá rẹ̀ sí kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fẹnu ṣe àrékérekè. "Gó" ni Fàlílù kọ, ó sì fọwọ́ sí i. Èrò rẹ̀ ni pé òun á kọ́kọ́ sọ ti òun lábẹ́ ètè, òun á wá sọ "Gó" síta. Ta ni yóò gbọ́? Ajá nìkan ló nílò àtigbọ́.

Sátidé náà, ọyẹ́ bo Ìgbẹsà débi pé èéfín ilé-iṣẹ́ àwọn aládùúgbò àti kùrukùru ò ṣeé yà sọ́tọ̀. Adájọ́ ni Alàgbà Adérógbà, àgbàlagbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ igbó ìjọba, tó ń gbé ìwé kékeré kan kiri, tí kì í sì fọ̀rọ̀ ṣòfò. Ẹnjiníà mú ìyá rẹ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí, Màmá Àjọkẹ́, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé. Màmá ní òun fẹ́ rí ajá tí wọ́n torí rẹ̀ fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Kápténì ló kọ́kọ́ wọlé. Ó rí àparò, ó dúró, Ephraim ní "Gó," ó rìn. Ṣùgbọ́n bí àparò ti fò, ó gbá tọ̀ ọ́, ó dìdàkudà, ó sọnù sínú koríko. Ephraim fọn fèrè títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ro ó. Adájọ́ fàlà sí orúkọ Kápténì.

Ó kan Ojúlarí. Kò pẹ́ rárá. Ó sá gba ọ̀tún, ó sá gba òsì, ó ṣíwọ́ lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣù koríko kan, ẹsẹ̀ iwájú lókè. Gbogbo èèyàn rọra ń tẹ̀ lé Fàlílù lẹ́yìn. Ó ku bí ogún ìṣísẹ̀ kó dé ìdí ajá, adájọ́ kò sì tíì gbé ọwọ́ sókè láti ní kó rán an, nígbà tí Màmá Àjọkẹ́ kọsẹ̀ lára ebè ẹ̀gẹ́ àtijọ́ kan, tó fẹ́ dojú bolẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ènìyàn bá kọsẹ̀, kò sẹ́ni tí ń ronú ohun tó máa sọ. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu, ẹ̀sìn yòówù ká máa ṣe. "Bísímílàhì" ni àwọn mùsùlùmí ibẹ̀ sọ. Òun náà ni àwọn onígbàgbọ́ sọ, òun ni Ephraim ọmọ pásítọ̀ sọ. Ẹnjiníà, tó jẹ́ díákónì, ló sọ ọ́ sókè jù, torí ìyá rẹ̀ ni.

Ojúlarí rìn.

Àparò mẹ́ta fò. Ìbọn kò dún, oníbọn ti kọjú sí Màmá. Ojúlarí jókòó sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì bojú wẹ̀yìn, ó ń wá Fàlílù. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí gbọ́ ní tiẹ̀, ohun tí wọn ò bá a sọ gan-an ló gbọ́.

"Ajá rìn láìjẹ́ pé wọ́n rán an," Alàgbà Adérógbà wí, ó sì ṣí ìwé rẹ̀. "Ó ti kùnà."

Ẹnjiníà di ìyá rẹ̀ lápá mú. Kò pariwo, kò tilẹ̀ wo ajá. "Ephraim, gbé e sínú mọ́tò. Ẹ gba Àtàn kọjá bẹ́ ẹ bá ń lọ."

Ephraim mú ìjánu, ó wo Fàlílù, ó sì ń lọ. Ojúlarí ṣì jókòó síbi tó jókòó sí, ó ń ju ìrù, inú rẹ̀ dùn pé òun ṣe iṣẹ́ òun. Ìrù tó ń jù yẹn ni Fàlílù kò lè gbà mọ́ra. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Wọ́n rán an, sà."

Adájọ́ gbójú sókè. "Ọ̀rọ̀ wo lo kọ sí fọ́ọ̀mù?"

"Gó, sà."

"Ta ló sọ Gó?"

"Kò sẹ́ni kankan, sà."

"Ta ló wá rán an?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Gbogbo yín."

Wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Fàlílù tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, láìfi ìkan pamọ́: Sátidé, ìbọn bàbá rẹ̀, ìbéèrè Àdìzát, èsì àlùfáà. Ó ní ọdún méjèèjì tí wọ́n fi Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, òun mọ ohun tó dé, òun dákẹ́. Ó ní ajá ò ṣàìgbọràn rí láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ ọ́n.

"Àparò mélòó?" Ẹnjiníà béèrè.

"N ò kà á, sà."

Wọ́n ti bá Màmá Àjọkẹ́ wá àga. Ó na ọrùn síwájú. "Ṣé ó dùn?"

Alàgbà Adérógbà dájọ́. Ó ní olùdarí tó bá kọ irọ́ sí fọ́ọ̀mù kò tún gbọdọ̀ darí ajá nínú ẹgbẹ́ yẹn mọ́, láéláé. Ó ní ajá kò kọ fọ́ọ̀mù ní tiẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jẹ́, kí ẹlòmíràn darí rẹ̀, kí gbogbo ẹnu sì dákẹ́. Ẹnjiníà wo Ojúlarí fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà, ó sì mi orí sí Ephraim.

Fàlílù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò bí wọ́n ṣe ní kó dúró. Ó ń wò wọ́n lọ. Ojúlarí yíjú padà lẹ́ẹ̀mejì láti wá a, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ gbé òórùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbàgbé ènìyàn. Ó dúró. Ephraim dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Adájọ́ gbé ọwọ́ sókè.

"Gó," Ephraim wí. Ojúlarí kò rìn. Òógùn bo Ephraim nínú ọyẹ́. "Ní orúkọ Jésù," ó wí. Ojúlarí kò mọ ìyẹn náà, adájọ́ kò sì ka ọ̀rọ̀ tí kò sí lórí fọ́ọ̀mù. Ephraim wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì ṣáájú, ó sì sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kéré: "Bísímílàhì."

Ó rìn. Àparò méjì fò pàpà, ìbọn dún, Ojúlarí jókòó bí ẹni tí wọ́n fún lága. Èrò pàtẹ́wọ́. Inú Fàlílù dùn débi tó le, ó sì dùn ún pé kì í ṣe òun. Àwọn méjèèjì jọ wà lọ́kàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì mọ èyí tí òun ì bá fi ọwọ́ tì sẹ́yìn.

Ajá mìíràn kò ṣe é tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé ife fún Ẹnjiníà, ọkùnrin Abẹ́òkúta bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Màmá Àjọkẹ́ rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́, Ẹnjiníà pe Fàlílù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"N kò ní lé ẹ. Ọlọ́mọ ni ẹ́." Ó yí ife náà po lọ́wọ́. "Ajá ò lọ Àtàn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ibẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni kí o bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ṣé, sà," ni Fàlílù wí.

Báyìí ni Fàlílù ṣe di ẹni tó ń ṣọ́ iyanrìn. Àga rẹ̀ wà létí gééètì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Tírélà á wọlé, á kó iyanrìn, á jáde. Bí ìjókòó bá sú u, á dìde rìn kiri díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ló ṣàkíyèsí pé inú roboto ajá tó kú lòun ń rìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibòmíràn. Ó ń sọ fún Àdìzát pé iṣẹ́ náà dára. Ike ẹnu ọ̀nà wọn ti ṣófo, kò sẹ́ni tó ń bu iyanrìn sí i mọ́. Síbẹ̀, Àdìzát kò gbé ike náà kúrò.

Oṣù kẹrin rẹ̀ níbẹ̀, ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, mọ́tò ilé ajá yà sí gééètì. Ephraim ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń ti Ìgbẹsà bọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Fàlílù, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ká kàn yà kí yín."

Ó ṣí ẹ̀yìn mọ́tò. Ojúlarí fò sílẹ̀, ó gbọn ara, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́ láti ọ̀dọ̀ àga wá. Ó ṣíwọ́ lójijì. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ó na imú, ó na ìrù. Fàlílù ló tọ́ka sí.

Wọn ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síra wọn lọ. Ara ajá ń gbọ̀n láti orí dé ìdí, kò sì kúrò lójú kan. Fàlílù mọ ohun tó ń dúró dè. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì. Láéláé ni adájọ́ wí, ajá kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láti rán. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó di eékún méjèèjì mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ephraim wò ó, ó wo ajá. Ọ̀rọ̀ náà kò wúwo lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ ìdíje wá.

"Bísímílàhì," ó wí.

Ojúlarí fò mọ́ Fàlílù, àga dojú dé, ó lá a lójú, ó lá a létí, ó lá a lọ́wọ́ méjèèjì. Fàlílù ti ṣe àlùwàlá àlàásárì tán kí wọ́n tó dé. Kò tì í kúrò. Wọ́n wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, Ephraim sì lọ dúró sójú títì kó má baà máa wò wọ́n.

Nígbà tí mọ́tò lọ tán, Fàlílù gbé àga rẹ̀ nàró, ó bu omi sínú kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀meje ni yóò fọ ibi tí ajá lá, iyanrìn á sì wà nínú ọ̀kan. Iyanrìn kò sì wọ́n ní Àtàn.